Ọwọ́ Tí Yóò Gbé Ètò Ìlú

Kò sí ìjọba kan nílẹ̀ wa tí kò ní ìwé ètò. Ti ẹ̀kọ́ wà, ti ìlera wà, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ti omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná náà wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dùn ún kà. Síbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó wà ní abúlé tí ọ̀nà ọkọ̀ ti pin kì í sábà mọ̀ pé ètò kan wà tó gbé iṣẹ́ ńlá lé òun lórí. Ibi tí mo rò pé ìṣòro náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ tọ́ka sí: inú kíláàsì ni, ní yunifásítì, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń gbé ètò ìlú kalẹ̀. A ń kọ́ wọn láti máa ronú láti òkè wá sílẹ̀: kí ni ìjọba fẹ́, òfin wo ló fàyè gbà á, ta ni yóò buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ yìí, ohun tó dá mi lójú ni pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn, tí ọwọ́ rẹ̀ yóò gbé ètò náà dé iwájú aráàlú, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀. Kí ó ka iye wọn, kí ó díwọ̀n agbára wọn, kó tó kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nípa ohun tí ìjọba yóò ṣe.

Ẹ̀kọ́ yìí fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1951 ni Harold Lasswell àti Daniel Lerner ní Amẹ́ríkà ṣe olóòtú ìwé tó sọ ètò ìlú di ìmọ̀ tó dá dúró, tó ń mú nínú ọgbọ́n òṣèlú, ti ọrọ̀ ajé, ti òfin àti ti ìwà ẹ̀dá. Ní 1969, Herbert Simon fi yé wa pé ẹni tó ń ṣètò ìlú, ẹni tó ń yàwòrán ilé àti oníṣègùn tó ń kọ oògùn fún aláìsàn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: gbogbo wọn ń wá ọ̀nà tí ohun tó wà nílẹ̀ yóò fi di ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé wa níbí, Yunifásítì Ifẹ̀ dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣàkóso sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba; ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Adébáyọ̀ Adédèjì àti Ládípọ̀ Adámọ́lẹ́kun ti ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Simon yẹn ni mo fẹ́ dì mú. Ayàwòrán ilé tí kò mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, tí kò mọ iye búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà kan lè tò lóòjọ́, àwòrán ló yà, kò tíì ṣètò ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó lè to ète ìjọba lẹ́sẹẹsẹ láìmọ ẹni tí yóò ṣe é, níbo, pẹ̀lú irinṣẹ́ wo.

Ẹ jẹ́ kí n fi ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe àpẹẹrẹ, torí tàgbà tèwe ló mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló máa ń wá sọ́kàn, àti ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 tí àwọn ọmọ wọ kíláàsì láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ ayẹyẹ nìyẹn. Iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀ láti 1952, nígbà tí Olóyè S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá rẹ̀ wá síwájú ilé aṣòfin. Pé ẹ̀kọ́ dára fún ọmọ kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tó gba iṣẹ́ ni ọdún 3 tó wà láàárín àbá náà àti ọjọ́ ayẹyẹ: ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí wọ́n ní láti ṣí àti èyí tí wọ́n ní láti fẹ̀, kíláàsì tí wọ́n ní láti kọ́, ọdún 8 ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dín kù sí 6, àti ilé-ìwé Modern tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ọmọ tó bá jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò rí girama wọ̀ má baà di alárìnkiri. Wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ kí wọ́n tó pe ọmọ.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò ju èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè ṣe lójú pátákó lọ. Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà tó nǹkan bí 457,000. Ní 1955 wọ́n lé ní 811,000. Àwọn tó fi lé ju 350,000 lọ. Ká ní olùkọ́ kan yóò mú ọmọ 40, olùkọ́ tuntun tí wọ́n nílò sún mọ́ 9,000. Ká ní olùkọ́ kan yóò lo ọdún 2 lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, a jẹ́ pé ẹni tí yóò dúró níwájú kíláàsì ní oṣù kìíní 1955 gbọ́dọ̀ ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ní ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Ta ni yóò wá kọ́ àwọn olùkọ́ náà fúnra wọn? Ibo ni wọn yóò máa sùn? Ká ní ọmọ 3 yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, bẹ́ǹṣì tó lé ní 116,000 ni káfíńtà yóò kàn. Káfíńtà mélòó ló wà, mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè kàn lóṣù? Ibi yòówù kí akẹ́kọ̀ọ́ fà á sí, ọwọ́ ènìyàn ni yóò bá níbẹ̀: ọwọ́ bíríkìlà, ọwọ́ káfíńtà, ọwọ́ tíṣà, ọwọ́ akọ̀wé tí yóò san owó tíṣà ní ìparí oṣù. Bí a bá tọ ọ́ débẹ̀, ètò tó dà bí ọ̀rọ̀ orí ìjókòó òṣèlú yóò di ohun tí a lè fojú rí, tí a sì lè mọ ibi tó ti mẹ́hẹ.

N kò sọ pé ètò náà kò ní àbùkù. Láti rówó ṣe é, ìjọba bu owó orí ẹ̀kọ́ àti ìlera lé aráàlú lórí, aráàlú sì fárígá. Nígbà tí ìdìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ Action Group tó ń ṣàkóso ẹkùn náà fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀, ẹgbẹ́ NCNC tó ń bá a díje ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìjókòó ibẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹwòye ló sì so ó mọ́ owó orí yẹn. Tíṣà tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ pọ̀ jọjọ nínú àwọn tí wọ́n kó síwájú ọmọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Olóyè Banjo, tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní òpin 1960, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sọ ọ́ láìfibọpobọyọ̀ pé àìtó tíṣà tó mọṣẹ́ ti jẹ́ kí ìmọ̀ àwọn ọmọ jó rẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí ọwọ́ kò tó ni ètò náà ti yẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pèsè ọwọ́ sílẹ̀ ni ó ti dúró, débi pé àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ ló kún iléeṣẹ́ ìjọba, ilé-ìwòsàn àti yunifásítì wa ní ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ wá wo àwọn ètò tí kò fara balẹ̀ kà. Ẹkùn Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tirẹ̀ ní 1957. Nígbà tí yóò fi di 1958, owó ti dá wọn lágara, wọ́n tún ní kí ọ̀pọ̀ kíláàsì máa san owó ilé-ìwé, àwọn ìyá sì tú sí ìgboro láti fẹ̀hónú hàn. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2.3 ọmọ ni àwọn aṣètò ń retí ní kíláàsì kìíní. Àwọn tó dé ẹnu ọ̀nà sún mọ́ mílíọ̀nù 3. Wọ́n ti wọ́gi lé ìkànìyàn 1973, ti 1963 ni wọ́n ṣì fi ń díwọ̀n, ọmọ tí wọn kò kà kò sì lè ní àga. Ètò 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 fẹ́ kí ọmọ girama mọ iṣẹ́ ọwọ́, èrò tó dára gan-an ni. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, wọ́n kó o dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí kò ní iná, tí kò ní yàrá iṣẹ́, tí kò ní tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ náà. Inú àpótí pákó tí wọ́n fi kó wọn wá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dípẹtà sí. Ẹni tó ṣètò yẹn mọ ohun tó fẹ́ kí ọmọ mọ̀. Kò bi ara rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni yóò ṣí àpótí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1966, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ya ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ìlú Oakland ní California, kí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè ríṣẹ́. Owó wà, òfin wà, kò sí ẹni tó lòdì sí i, síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan iṣẹ́ tó jáde níbẹ̀ kéré débi ìtìjú. Jeffrey Pressman àti Aaron Wildavsky tọpa rẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1973. Wọ́n ka iye ìgbà tí ẹnì kan tàbí iléeṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí nǹkan kí iṣẹ́ náà tó lè tẹ̀ síwájú, ó jẹ́ 70. Ká wá ní ní ìkọ̀ọ̀kan nínú ìgbà 70 yìí, ìrètí pé ẹni náà yóò gbà jẹ́ 99 nínú 100. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ 99 nínú 100 di ìlọ́po ara rẹ̀ ní ìgbà 70, ìrètí pé iṣẹ́ náà yóò débi tó ń lọ kò pé ìdajì. Òwe wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí kò tún ní kọ̀wé pé kí ìgbìmọ̀ tuntun kan fọwọ́ sí nǹkan láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà mìíràn tí a fi ń mọ ohun tí ọwọ́ lè gbé ni ká kọ́kọ́ dán ètò wò níwọ̀nba, Ifẹ̀ sì ti fi èyí hàn wá. Ní oṣù kìíní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ohun gbogbo fún ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kí wọ́n tó lè ṣe é, wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, kí wọ́n wá orúkọ fún ohun tí kò lórúkọ, kí wọ́n sì tún tíṣà kọ́. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbẹ́yìn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún 6 àkọ́kọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Àwọn tó ṣe ti 2022 mú èsì ìdánwò Ifẹ̀, wọ́n fi iṣẹ́ tó bí èsì náà sílẹ̀: ìwé tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ, tíṣà tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́, àti tíṣà tí kò gbọ́ èdè ìlú tí wọ́n gbé e lọ. Èrò náà kò ṣàìtọ́. Ọwọ́ tí yóò gbé e ni kò sí nílẹ̀.

Kí ni kí yunifásítì wá ṣe? Kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò kan ṣoṣo fún odindi sáà ẹ̀kọ́, kí ó sì tọ̀ ọ́ padà láti ẹsẹ̀ dé orí. Ká mú abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn yìí gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 ti Celsius láti ibi tí wọ́n ti pò ó títí dé apá ọmọ. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí. Ibo ni yóò ti rí yìnyín sínú kúlà? Ta ni yóò gbé e dé abúlé tó kẹ́yìn, ta sì ni yóò san owó ọ̀kadà? Ọjọ́ wo ni àwọn ìyá máa ń ráyè? Bí ọjọ́ ọjà wọn bá ń bọ́ sí ọrọọrún, tí ìwé ètò sì ní gbogbo ọjọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ tí abúlé ṣófo ni nọ́ọ̀sì yóò máa débẹ̀ láwọn ọ̀sẹ̀ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí èyí yóò mọ ohun tó yẹ kó kọ sínú ìwé ètò, yóò sì mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pín owó ìsúná. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró níwájú ìyálọ́jà, kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ètò rẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n fi ń nájà, kò tíì yé òun fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ní yunifásítì kì í ṣe ilé ìkọ́ṣẹ́, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, pé oòfíìsì ni yóò kọ́ni ní ìyókù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Láìsí i, n kò ní mọ ohun tó yẹ kí n kà. Ṣùgbọ́n a kì í dúró dìgbà tí dókítà bá gba ìwé ìgbanisíṣẹ́ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ohun tí oòfíìsì sì máa ń kọ́ ọ̀dọ́ ni bí fáìlì ṣe ń rìn láti tábìlì kan sí èkejì. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rò pé nígbà tí fáìlì bá ti dé òkè, ètò ti parí. Bí yunifásítì kò bá kọ́ ọ pé ibẹ̀ gan-an ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò kọ́ ọ.

Àwọn mìíràn yóò ní òṣèlú àti ìwà ìbàjẹ́ ló ń pa ètò wa, pé kò sí ìṣirò tó lè dá olè dúró. Òótọ́ ńlá wà nínú rẹ̀, n kò sì ní fojú kékeré wò ó. Síbẹ̀, ní Oakland, olè kọ́ ló pa iṣẹ́ náà. Ẹ sì rò ó wò: ibi tí kò sí ẹni tó ń kà ni olè fẹ́ràn jù. Ètò tó sọ iye bẹ́ǹṣì, ilé-ìwé tí wọ́n ń lọ, orúkọ káfíńtà àti ọjọ́ tí wọn yóò dé, òbí lásán lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sì kà wọ́n. Ètò tó sọ pé ìjọba yóò mú ìlọsíwájú bá ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́, adájọ́ pàápàá kò lè mọ ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Kíkà kò lè sọ olè di olóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fún olóòótọ́ ní ohun tí yóò fi mú un.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti àwọn tó ní kíkà máa ń pa ìgboyà. Wọ́n ní bí Awólọ́wọ̀ àti Awókọ́yà bá dúró dìgbà tí tíṣà pé, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì bá tí bẹ̀rẹ̀ títí dòní. Mo gbà pé ètò tó dúró de ìpé yóò dúró títí láé. Àwọn gan-an bẹ̀rẹ̀ nígbà tí tíṣà kò tíì tó. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kò tó, wọ́n mọ ibi tí wọn yóò ti máa fi kún un, láti 1952 sí 1955 ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo rẹ̀, láàárín sáà ìjọba kan ṣoṣo. Ìkánjú tí kò kà ni ó tún di ẹrù owó ilé-ìwé lé àwọn ìyá Ìlà-Oòrùn lórí láàárín nǹkan bí ọdún kan. Ẹni tó mọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè fi ìgboyà ná an.

Nítorí náà, mo bẹ gbogbo ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn, ní Èkó àti níbi gbogbo: kí ẹ tó fọwọ́ sí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ètò ìlú, ẹ bi í pé ta ni yóò ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, kí ni yóò wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, ta sì ni yóò sanwó rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ dá ìwé náà padà fún un, bí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ti wù kó dán tó. Kíláàsì ni kó ti ṣe àṣìṣe náà, níbi tí máàkì nìkan ti lè sọnù. Tó bá di ìta, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.